Ọsàn Wẹ́wẹ́, Ìyẹ̀fun Síríìkì, tàbí Ẹ̀rọ Tó Ń Yí Ìgò: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Fọ Ìgò Àtijọ́ ní Àkúrẹ́

Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́, tàbí tí wọ́n ń wó ilé alámọ̀ kan ní Odòjọmu ní ìlú Oǹdó, kì í pẹ́ tí ṣọ́bìrì fi máa ń kan ìgò: ìgò jíìnì onígun mẹ́rin tí ìdí rẹ̀ kéré ju èjìká rẹ̀ lọ, ìgò oògùn kékeré tí wọ́n tẹ orúkọ sí lára, nígbà mìíràn ìgò aláwọ̀ ewé kan tó nípọn, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ wọn, tàbí lọ́wọ́ àwọn oníìgò tó ń kiri, yóò gbé e délé, yóò fi omi ṣàn án, yóò sì rí i pé kùrukùru ṣì bò ó bí ẹni pé èéfín há sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè, nǹkan mẹ́wàá ni wọn yóò ní kí ẹ lọ rà.

Mo ti ra púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni n kì bá tí ná, ká ní mo kọ́kọ́ wádìí irú kùrukùru tó wà lára ìgò kí n tó lọ sọ́jà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Oríṣi kùrukùru méjì ló wà, wọ́n sì jọra lójú. Èkíní ni ohun tó wá láti ìta tó lẹ̀ mọ́ dígí: ọ̀rá, ẹrẹ̀, èèpá funfun bí irú èyí tí omi kànga máa ń fi sídìí kẹ́tùlù, àti ìpẹtà tí ilẹ̀ pupa wa, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, máa ń fi sára ohunkóhun tó bá pẹ́ níbẹ̀. Èkejì jẹ́ àìsàn dígí fúnra rẹ̀. Iyanrìn ni a fi ń ṣe dígí, irú iyanrìn funfun tí Igbókòdá ní ìpínlẹ̀ wa níbí fi lókìkí, a ó sì po sódà àti ẹfun mọ́ ọn kí ó lè tètè yọ́ nínú iná. Bí ìgò bá wà nínú ilẹ̀ tútù fún ọgọ́rùn-ún ọdún, omi yóò máa fa sódà náà jáde díẹ̀díẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù lójú dígí yóò sì di ìpele tín-ín-rín lórí ara wọn, tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa fọ́n ká nínú wọn títí àwọ̀ òṣùmàrè yóò fi hàn. Kò sí ọṣẹ tó lè wẹ èyí kúrò, nítorí kì í ṣe ìdọ̀tí; ojú dígí gan-an ló ti bàjẹ́.

Ẹ rẹ ìgò náà sínú omi tó mọ́, kí ẹ sì gbé e sínú oòrùn. Bí kùrukùru náà bá pòórá nígbà tí ara ìgò tutù, tí ó sì ń padà wá bí ó ṣe ń gbẹ, ẹ fura sí àìsàn dígí, nítorí pé omi ló dí àwọn ihò kéékèèké ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú kan ṣoṣo kí ẹ sì dúró fún wákàtí kan. Ìgò jíìnì kan tí mo rà ní Odòjọmu ní méjèèjì lára. Ojú tí mo fún ọsàn sí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hó wẹ́wẹ́, ó sì mọ́ roboto bí owó ẹyọ, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí àtàǹpàkò mi láti òdìkejì. Ní èjìká ìgò kan náà, ọsàn kan náà kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo fi èékánná họ ibẹ̀ díẹ̀, ìpẹ́ kan tó fẹ́lẹ́ ju ìpẹ́ ẹja lọ ṣí kúrò, ó ń tàn ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò lórí ìka mi. Ẹ má ṣe họ tiyín. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ òṣùmàrè yẹn ni wọ́n ń wá, wọn yóò sì sanwó sí i.

Ọṣẹ

Ọ̀rá àti ẹrẹ̀ kò le rárá. Mo fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ wé ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó sè ní agbègbè wa, ọṣẹ dúdú ló sì yára mú ọ̀rá tó ti gbó kúrò jù. Ṣùgbọ́n agbára eérú wà nínú rẹ̀, irú agbára bẹ́ẹ̀ a sì máa jẹ dígí bí wọ́n bá jọ pẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgò sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Ìdí kan náà nìyí tí mo fi ní kí ẹ jìnnà sí kọ́síìkì sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò, pàápàá nínú omi gbígbóná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Ìgò àtijọ́ tó tutù tí a da omi híhó sí lè là láti èjìká dé ìdí kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ní ti búrọ́ọ̀ṣì, èyí tí a fi ń fọ fídà ọmọ kì í dé igun ìgò jíìnì. Ẹ ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ wáyà tó ṣeé tẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà di ṣóńṣó wáyà náà kí ó má bàa ha dígí nínú.

Ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà àti síríìkì

Síríìkì ni ìyẹ̀fun kíkan tí wọ́n ń pè ní citric acid. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe: kíkan wọn ló ń tú èèpá funfun, kò sì sí èyí tó lè pa dígí lára. Owó àti ìrọ̀rùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀ lọ́jà ní àsìkò rẹ̀, ó sì dára fún ìdánwò tí mo sọ lókè, ṣùgbọ́n kí ìgò jíìnì kan tó lè kún fún omi ọsàn, ẹ ó fún ogún ọsàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó tún fi sẹ́ẹ́ ìyẹ̀fun sẹ́ ẹ, èyí tó bá sì kù nínú ìgò yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò sì máa pe èèrà. Fínígà mọ́ jù ú lọ. Ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ ni kíkan gidi, èyí sì tó láti tú èèpá tí kò nípọn ní ọjọ́ kan sí méjì. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgò mẹ́ta péré lè mu gbogbo owó tí ẹ mú lọ sọ́jà, òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo yàrá.

Ìyẹ̀fun síríìkì ni mo yàn. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ olómi àti ohun mímu ni ẹ ti máa rí i. Ẹ bu síbí ìjẹun méjì sínú lítà kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò títí dé ẹnu, ẹ sì fi sílẹ̀ mọ́jú. Omi kan náà ṣeé dà sínú ìgò kejì àti ìkẹta, ìyẹ̀fun tó bá sì kù nínú ọ̀rá, bí kò bá ti rí omi, kì í bàjẹ́. Ó ń tú ìpẹtà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Oxalic acid tí àwọn kan máa ń tọ́ka sí yára jù ú lọ lórí ìpẹtà, àmọ́ májèlé ni, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Nínú ilé tí ọmọdé wà, n kò rí ìdí tí a ó fi rà á nítorí ìgò.

Bílíìṣì kò wúlò fún èèpá tàbí ìpẹtà. Èéhù tútù tó hù sínú ìgò nìkan ló ń pa. Bí ẹ bá lò ó, ẹ ṣan ìgò náà dáadáa kí fínígà tàbí síríìkì tó kàn án, nítorí bí wọ́n bá pàdé, afẹ́fẹ́ chlorine ni yóò jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní fèrèsé.

Ohun tí a ń mì nínú ìgò

Àwọn àgbà máa ń da iyanrìn àti omi díẹ̀ sínú ìgò, wọn a sì mì í títí. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgò ló ń jìyà rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n líle tí ọmọ Jámánì kan, Friedrich Mohs, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1812, iyanrìn wà ní 7, dígí sì wà ní nǹkan bí 5.5, nítorí náà iyanrìn ni yóò máa ha dígí. Èèpo ẹyin tí a gún wà ní 3. Òun ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni: èèpo ẹyin márùn-ún tó ti gbẹ, ọṣẹ díẹ̀, omi díẹ̀, kí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìrẹsì tútù náà dára, bí kò bá dùn yín láti da ìrẹsì nù ní irú àkókò yìí. Ní ti ewé ìpín, ohun tó ń dán igbá àti igi ni. Ẹ má ṣe fi kan dígí, nítorí ara rẹ̀ le ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ̀rọ tó ń yí ìgò

Àìsàn dígí, tí ọsàn kò tú, ẹ̀rọ nìkan ló lè mú un kúrò. Ike gbọọrọ kan ni, a di ìgò mú ṣinṣin láàrin rẹ̀, a da wáyà bàbà tí a gé wẹ́wẹ́ sínú ìgò àti sí ìta rẹ̀ dé bí ìdajì, a bu omi àti cerium oxide, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń dán dígí, sí i, a sì gbé ike náà lé orí ọ̀pá méjì tí mọ́tò ń yí. Bàbà rọ̀ ju dígí lọ, kò lè ha á. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa gbé ìyẹ̀fun náà pa ojú dígí títí èyí tó bàjẹ́ yóò fi jẹ kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni ó sábà máa ń gbà láì dúró, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àkúrẹ́ sì mọ ohun tí «láì dúró» túmọ̀ sí níbi tí iná bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí iná bá lọ, ìgò kò ní bàjẹ́, àmọ́ ọjọ́ márùn-ún lè di mẹ́wàá, jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yóò sì jẹ epo tó ju owó ìgò lọ.

N kò tíì rí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tò ó sí ìsọ̀ kankan ní Ọjà Ọba. Ẹ ó ránṣẹ́ rà á láti òkè òkun, tàbí kí ẹ fún wẹ́dà ní iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ìgò mẹ́rin tàbí márùn-ún kò gbọ́dọ̀ gbèrò rẹ̀ rárá. Ẹni tó ní ogójì, tó sì fẹ́ máa tà wọ́n, lè rò ó, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo ìlà tí mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi da ìgò máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá gun ẹnu ìgò kọjá, ẹ̀rọ ló sábà ṣe é, irú ẹ̀rọ tí Michael Owens mú jáde ní Amẹ́ríkà ní 1903, irú ìgò bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà pa owó ìdán rẹ̀. Kí ó tún rántí pé ìdán tó pọ̀ jù a máa jẹ lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò, èyí tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni ẹlòmíràn fi ń rà á.

Òróró

Òróró ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Bí omi ṣe ń dí ihò ojú dígí ni òróró ń ṣe, àyàfi pé kì í tètè gbẹ. Mo ra ìgò oògùn kan lọ́jà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó mọ́ gara. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, kùrukùru ti padà, eruku sì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í sanwó ìgò tó ń dán láì fi tíṣù tí mo lọ́ mọ́ ìgbálẹ̀ kan nu inú rẹ̀ wò. Bí tíṣù bá jáde pẹ̀lú àbàwọ́n tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, òróró ni, kí ẹ dá owó yín padà sápò tàbí kí ẹ nájà rẹ̀ bí ìgò aláìsàn.

Mo padà lọ bá màmá tó tà á fún mi. Ó gba ìgò náà, ó gbé e sókè wò, ó sì dá a padà sí mi lọ́wọ́. «Ọmọ mi, òróró ni mo fi pa á. Ṣé o bi mí ni?» N kò bi í.