Evil Dead ti 1981 àti ti 2013: Èwo Ló Tó Ná Dátà Sí?

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fẹ́ wò nínú fíìmù adẹ́rùbani Evil Dead méjèèjì, ti 1981 tí Sam Raimi darí ni kẹ́ ẹ wò. Iṣẹ́ ọwọ́ ti 2013 tí Fede Álvarez darí mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kò dẹ́rù bani tó o.

Ìtàn kan náà ni. Ọ̀dọ́ márùn-ún lọ sílé onípákó kan láàárín igbó, wọ́n bá ìwé burúkú níbẹ̀, ẹ̀mí àìmọ̀ sì ń wọ̀ wọ́n lára níkọ̀ọ̀kan. Ní 1981, ohùn inú téèpù ló pe ọfọ̀ ọ̀hún. Ní 2013, Eric, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ló já wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi di ìwé náà, ó sì kà á sókè, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ kún inú rẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Ìlọrin tàbí Òmù-Àrán ò ní dárí jì í.

Ibi tí ti tuntun ti ta ti àtijọ́ yọ ni ìdí tí wọn ò fi tètè sá. Ní 1981, afárá bàjẹ́, ó parí. Ní 2013, Mia, tóun náà wà lára wọn, fẹ́ jáwọ́ nínú egbògi olóró, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti pinnu pé bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó, kò ní kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ń pariwo pé òun rí nǹkan nínú igbó, Olivia tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbà pé egbògi tó fi sílẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rí ọmọ àdúgbò tó ń já tramadol sílẹ̀ á mọ̀ pé àwọn tó ṣe fíìmù náà ò pa irọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ bo ìtàn mọ́lẹ̀. Àwọn ọgbẹ́ yẹn jọ ojúlówó, torí Álvarez yẹra fún idán kọ̀ǹpútà. Àmọ́ àwòrán inú ìwé ti ń fi ohun tó ń bọ̀ hàn, ọkàn ẹni ò sì fò mọ́.

Ẹ wá wo ti 1981. Àwọn ọmọbìnrin méjì ń ta káàdì, wọ́n ń méfò èyí tó kàn. Cheryl, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ káàdì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣí i. Ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ń yára sí i. Ó yíjú padà, ẹyinjú rẹ̀ ti funfun báláú. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì pọ̀ títí di ibẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ló burú jù nínú fíìmù méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ya fíìmù ní Tanke, Ìlọrin, ẹ fojú sí bí nǹkan àìrí yẹn ṣe ń sáré nínú igbó. Kámẹ́rà ni wọ́n dè mọ́ pákó, tí èèyàn méjì gbé e sáré nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi ṣúgà àgbàdo tí wọ́n po mọ́ àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ni ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ki, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ ara. Zobo ò lè ṣe é: ó ṣàn jù, ó sì ń dúdú bó bá gbẹ.

Ti àkọ́kọ́ ò ju ìṣẹ́jú 85 lọ, èkejì jẹ́ 91. Ẹ fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń gbé ìró afẹ́fẹ́ àti ìlẹ̀kùn mì, ìró yẹn ló sì ń dẹ́rù bani. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wò ó: igi igbó fipá bá obìnrin lò nínú méjèèjì. Ní ti 2013, ẹ má tíì pa á nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bá ń kọjá, ojú kan láti 1981 ń dúró dè yín níparí rẹ̀.