Sikánà ELM327 fún ọkọ̀ àgbà tó ń gbọ̀n ní síló, tí kì í tètè sítáàtì

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí kíní kékeré yìí, sikánà oní-Bluetooth tí wọ́n ń pè ní ELM327, èyí tẹ́ ẹ máa kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó ṣí áàpù ẹ̀ lórí fóònù. Ọkọ̀ mi tọ́dún 2002 ni mo rà á fún. Láàárọ̀ mo máa yí kọ́kọ́rọ́ títí kó tó dáhùn, tó bá sì dáhùn tán á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, pàápàá ní síló, ìyẹn tí mo bá dúró tí mi ò tẹ iná. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó ní kọ́ìlì ni, ó tún ní nọ́sù ni, owó ń lọ, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò wọn nǹkan kan rárá kó tó máa tú u.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ sikánà ò ju kó ka kọ́ọ̀dù, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí ọkọ̀ fi pa mọ́, kó sì pa iná ṣẹ́kì ẹ́ńjìnnì lọ. Kọ́ọ̀dù dáa o, P0301 á sọ pé sìlíńdà kìíní ló ń mísì, ìyẹn ni pé epo inú ẹ̀ ò jó dáadáa, P0300 á ní mísì náà ò dúró síbì kan, P0171 á ní epo kéré sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò síkankan nínú wọn tó sọ ìdí ẹ̀. P0171 yẹn nìkan, ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó là, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí. Àwọn nọ́ńbà tó ń yí lójú ẹsẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn kíní yìí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni fuel trim. Ìyẹn ló ń fi hàn bóyá bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń fi epo kún un ni àbí ó ń yọ ọ́ kúrò, sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà lára ẹgisọ́ọ̀sì ló sì ń sọ fún un. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti gbóná dáadáa o, torí tó bá ṣì tutù bíréènì bọ́ọ̀sì ò tíì máa tẹ̀ lé sẹ́ńsọ̀ yẹn. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kà á. Tó bá wà láàárín -5 sí +5 kò séwu, kódà +10 ṣì ṣeé fara mọ́. Tèmi ń sún mọ́ +20 ní síló. Mo wá tẹ iná díẹ̀, mo dì í mú ní bíi 2500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ kíákíá. Lára ọkọ̀ tó ń lo sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, bíi tèmi, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kan ló ń gba ibòmíì wọlé tí sẹ́ńsọ̀ ò kà. Ní síló, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ò pọ̀, torí náà ìwọ̀nba tó ń gba ojú ihò kékeré wọlé máa da gbogbo ẹ̀ rú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti tẹ iná, afẹ́fẹ́ gidi á pọ̀ débi pé ìyẹn ò ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Tó bá jẹ́ òdìkejì ẹ̀ lẹ rí, tí nọ́ńbà dáa ní síló tó wá ń gòkè bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ iná, ẹ kọjú sí pọ́ǹpù epo, fìlítà epo, àbí MAF fúnra ẹ̀. Họ́ọ̀sì rọ́bà kékeré kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ti gbẹ tó sì là lára tèmi, ibi tójú ò tètè dé. Mo pààrọ̀ ẹ̀, gbígbọ̀n yẹn sì lọ.

Àìtètè sítáàtì ṣì kù. Láàárọ̀, kí n tó sítáàtì, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, mo wo ooru omi ẹ́ńjìnnì àti ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ọkọ̀ tó ti sun mọ́jú, ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ omi ń ní ẹ́ńjìnnì gbóná, nígbà tí mo fọwọ́ kàn án tó tutù! Bíréènì bọ́ọ̀sì gbà á gbọ́, ó ń fún un ní epo díẹ̀, báwo ló ṣe máa tètè dáhùn? Kò sì sí kọ́ọ̀dù kankan, torí nọ́ńbà tó lè jẹ́ òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń sọ. Tó bá jẹ́ wáyà ẹ̀ ló já, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa fi -40 hàn. Ẹ tún wo RPM bẹ́ ẹ bá ṣe ń sítáàtì, tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí RPM dúró sí 0, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀ crankshaft, èyí tó ń sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnnì ń yí.

Ibi tí kò ti lè ran yín lọ́wọ́ ni agbára tí epo fi ń wá, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà kò sí sẹ́ńsọ̀ fún un. Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ dúró díẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó sítáàtì. Tó bá tètè dáhùn báyìí, epo ló ń sá padà nínú páìpù lóru, tàbí nọ́sù kan ń jò. Kọ̀ǹpírẹ́ṣàn náà, ìyẹn agbára tí sìlíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sikánà ò lè wọ̀n ọ́n, gééjì tiẹ̀ lẹ máa wá.

Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ rí i pé ọkọ̀ yín ní ihò OBD2, ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí sikánà ń wọ̀. Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan láti ọkọ̀ ọdún 1996, Yúróòpù láti 2001 fún ọkọ̀ elépo pẹtiróòlù. Èyí tó ń lo Bluetooth àtijọ́ ò ní bá iPhone ṣiṣẹ́, ẹ wá oní-WiFi àbí Bluetooth LE. Lára ọkọ̀ àgbà nọ́ńbà máa ń lọ́ra, ẹ má ṣí ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kánjú pa kọ́ọ̀dù rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú freeze frame ẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí ọkọ̀ fi pa mọ́ nígbà tí kọ́ọ̀dù yẹn wọlé, torí tẹ́ ẹ bá pa á, fuel trim tí ọkọ̀ ti kó jọ náà máa bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ihò, nítorí ó ń mu iná bátìrì bí ọkọ̀ ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́.