Bí mo ṣe di ojú kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù mi: pláístà, ike, Device Manager àti BIOS

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dell Latitude tókùnbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi, Lọ́kọ́ja ni mo ti rà á, ó ti lé lọ́dún méjì. Tíṣà ni mí ní Kabba níbí. Òun ni mo fi ń ṣètò iṣẹ́ iléèwé, òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tí wọ́n bí sí Àbújá àti òkè òkun ní Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Inú yàrá tí mo ń sùn ni tábìlì rẹ̀ wà, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ti wẹ̀ tán, mo ró ìró mọ́yà, mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i pé iná tíntín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà ń tàn. N kò pe ẹnikẹ́ni, n kò sí lórí Zoom. Igbe tí mo ké ló jí ìyá ọkọ mi nínú yàrá kejì. Wọ́n wá kí wa láti Ìsánlú ni.

"Ìyàwó mi, kí ló dé?"

"Mọ́mì, ẹ̀rọ yìí ló ń wò mí."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n jù ú bò ó. "Ó parí. Lọ sùn."

Ká sòótọ́, nínú gbogbo ohun tí mo ti dán wò látìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó yá tó gèlè Mọ́mì.

N kò sùn ṣá. Mo ṣí Settings, mo wọ Privacy, mo tẹ Camera. Windows máa ń to àwọn ètò tó lo kámẹ́rà síbẹ̀, pẹ̀lú àsìkò tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Browser mi, ètò tí mo fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo bá níbẹ̀, ó ṣì ń lò ó lọ́wọ́. Ojú ewé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ṣe lọ́sàn-án ni mo gbàgbé láti pa, èmi fúnra mi ni mo sì tẹ Allow fún un. Mo pa á, iná kú. Kì í ṣe olè, kì í ṣe àjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kò jẹ́ kí n rí iná náà, tí mo fi wá ń bọ́ṣọ níwájú rẹ̀.

Ibi Privacy yẹn dára fún ìwádìí, àmọ́ kì í ṣe ìlẹ̀kùn gidi. Ẹ lè pa kámẹ́rà mọ́ àwọn app inú Microsoft Store lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n browser àti àwọn ètò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sórí ẹ̀rọ, bọ́tìnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ní.

Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà wá bá mi pa á nínú Device Manager, ibi tí Windows ń to àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí. Ó wá orúkọ kámẹ́rà, ó tẹ Disable device. "Mà, ó ti kú nìyẹn." Kí omi àmàlà tó hó lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ti jí i dìde. Àkáǹtì alábòójútó ni gbogbo wa ń lò nílé. Ẹni tó bá ti ní àṣẹ yẹn lè ṣí ohun tí mo tì, títí kan fáírọ́ọ̀sì tó bá ráyè wọlé.

Ọmọ yìí gan-an ló jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà le, torí òun náà ní láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó jẹ Miss Teen USA ní 2013 sọ fáyé pé ẹnì kan gba kámẹ́rà kọ̀ǹpútà òun ya òun nínú yàrá òun, ó sì ń fi àwòrán náà halẹ̀ mọ́ òun. Ó ní iná kámẹ́rà náà kò tilẹ̀ tàn. Nígbà tí ọwọ́ tẹ ẹni náà, ẹni tí wọ́n jọ lọ iléèwé kan náà ni. Ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ni wọ́n dá fún un ní 2014. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins náà fi hàn ní 2013 pé lára MacBook àtijọ́, láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ Apple, kámẹ́rà lè ṣiṣẹ́ kí iná rẹ̀ má tàn. Nítorí náà, ẹ má fi iná yẹn búra.

Mo wá bọ́ sórí pláístà. Ní 2016, fọ́tò kan jáde tí Mark Zuckerberg yà, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tépù lójú kámẹ́rà. Bí ẹni tó ni Facebook bá ń lẹ tépù, ta ni tíṣà Kabba? Àmọ́ nígbà tí ooru oṣù kẹta mú, gọ́ọ̀mù pláístà yọ́ sójú kámẹ́rà. Sátidé yẹn, ọmọ kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ọyẹ́ ti dé Kabba ni?" Mo nu ún, nu ún, ó dà bí ojú tó ń ríran bàìbàì. Ní báyìí mo máa ń fi bébà kékeré sí àárín pláístà, kí gọ́ọ̀mù má kan ojú náà.

Ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ sójú kámẹ́rà, tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀, ₦1,000 ni mo ra mẹ́ta. Ó wuni, àmọ́ láptọ́ọ̀pù kò pa dé mọ́. Apple kìlọ̀ ní 2020 pé irú ìdérí bẹ́ẹ̀ lè fọ́ síkírìnì MacBook tí wọ́n bá pa á dé lé e lórí, àti pé bó bá di dandan, kó má nípọn ju mílímítà 0.1 lọ. Tèmi nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo yọ ọ́.

BIOS, ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ pa Dell, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F2 lemọ́lemọ́ bí àmì Dell bá ti yọ. System Configuration, lẹ́yìn náà Miscellaneous Devices: mo mú àmì kúrò níwájú Enable Camera, mo tẹ Apply. Nígbà tí Windows dé, ó dà bíi pé wọn kò dá kámẹ́rà mọ́ ẹ̀rọ náà rí. Mo wọ Security, mo fi Admin Password sí i, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì mi, torí ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á jìyà. Láptọ́ọ̀pù ọmọ mi ni mo ṣe báyìí fún. Ó bínú fún ọjọ́ méjì.

Tèmi kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí mo ń lo kámẹ́rà ní Sátidé. Bí NEPA bá mú iná lọ, n kò ní àyè láti máa tan ẹ̀rọ ní ẹ̀ẹ̀mejì kí àwọn ọmọ tó dé. Pláístà alábébà ni mo ń lò. Láptọ́ọ̀pù ThinkPad ọkọ mi ní ìdérí kámẹ́rà tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ìlara rẹ̀ ń ṣe mí; bí ẹ bá fẹ́ ra tókùnbọ̀, ẹ wo òkè ojú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Ó ku etí. Pláístà kì í dí máìkì, àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọkọ mi sì máa ń sọ nínú yàrá yẹn ju ohun tí kámẹ́rà lè rí lọ. Nínú BIOS láptọ́ọ̀pù tèmi, lábẹ́ Audio, mo pa máìkì inú ẹ̀rọ. Earpiece oní-USB ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí mo bá ti yọ wáyà rẹ̀ lálẹ́ Sátidé, etí ẹ̀rọ náà di nìyẹn.