Páńkò inú ọ̀rá: ẹja gbà á, itan adìyẹ kọ̀ ọ́

Ọ̀rá kẹta rèé tí mo máa lò tán, ẹnu mi wá gbà á láti sọ̀rọ̀. Èérún búrẹ́dì àwọn ará Jàpáànù ni páńkò. Inú búrẹ́dì funfun ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í sì í kúnná. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló rí, bí ìpẹ́. Èyí tó kúnná tí mò ń rà tẹ́lẹ̀ a máa fa òróró mu bíi kànìnkànìn.

Ẹja tí kò léegun ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Mo nu omi ara rẹ̀ gbẹ dáadáa (bí ara ẹja bá tutù, èérún á ṣí kúrò nínú òróró ni), mo yí i nínú fúláwà, mo rì í sínú ẹyin tí mo pò, mo wá fi páńkò bò ó. Ọwọ́ kan fún tútù, ọwọ́ kejì fún gbígbẹ; ọjọ́ tí mo gbàgbé, ìka mi nìkan ló kù kí n dín. Mo gbé e sínú fìríìjì fún ìṣẹ́jú 20 kí èérún lè dì mọ́ ọn, mo sì dín in nínú òróró tó gbóná dé 180°C. Háà! Ó ń dún kàràkàrà lẹ́nu, inú rẹ̀ sì rọ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀rá náà lèmi àti ẹ̀ ti jà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n da èérún bo adìyẹ, kí n tì í sínú ófùn, ó parí. Adìyẹ jinná lóòótọ́, àmọ́ èérún rẹ̀ funfun báláú bí ẹni pé iná kò kàn án rí. Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ fi ṣíbí òróró kan yan èérún nínú páànù títí táá fi pọ́n bí oyin, kó tó kan adìyẹ rárá.

Itan eléegun ní tirẹ̀, mi ò fi í dín mọ́. Èérún ti dúdú kí ẹran tó wà lẹ́bàá eegun tó dé 74°C. Àyà adìyẹ tí mo lù pẹlẹbẹ ló gbà á.

Wọn ò tún sọ fúnni pé kéèyàn má kó ohun tó bá dín lé bébà. Oru á há sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ á sì rọ̀. Orí àwọ̀n irin ni mò ń tò ó sí.

Ẹnu ọ̀rá yẹn kì í sì í padà dé. Ìdajì ọ̀rá kejì fa omi, ó rọ̀ pátá. Inú ìgò onídèérí ni mo da ẹ̀kẹta sí lọ́jọ́ tí mo já a.