Wọ́n fọ òjìji àwòrán mi ní Tánkè

Àwọn tó bá mi tẹ àwòrán sórí kánfáàsì ní Tánkè, nílùú Ìlọrin, mọ férémù kàn. Igi rẹ̀ gún, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé. Ó parí síbẹ̀, torí inú ló ń bí mi.

The Magpie ni mo fún wọn, èyí tí Claude Monet yà nígbà òtútù 1868 sí 1869 nítòsí Étretat nílẹ̀ Faransé. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Kò sí èèyàn níbẹ̀, àfi ẹyẹ kan, ìbátan kannakánná, tó bà sórí géètì onígi. Oòrùn wà lẹ́yìn ọgbà, òjìji ọgbà wá nà bọ̀ síwájú. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ Monet wà: kò fi dúdú kun òjìji, búlúù tó ń fà sí elésè àlùkò ló fi kùn ún, torí ibi tí oòrùn ò bá dé lórí yìnyín, àwọ̀ ojú ọ̀run ló ń hàn níbẹ̀. Búlúù yẹn ló ń mú kí ìyókù mọ́lẹ̀ yòò.

Mo tú bébà. Gbogbo òjìji ti rí bíi sìmẹ́ǹtì!

Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń rẹ́rìn-ín. "Àlàájà, búlúù ló fẹ́ ba yìnyín yín jẹ́, mo ti bá yín fọ̀ ọ́."

Ta ló bẹ̀ ọ́?

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin jáde, ó ní tí àwọn bá máa tún un tẹ̀, kí n fi ìdajì owó lé e, yíńkì ti wọ́n. Mo fa àga, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. (Àwọn adájọ́ Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ní Paris, náà kọ àwòrán yìí ní 1869, ṣùgbọ́n wọn ò fọ̀ ọ́.)

Ọmọ yẹn ló ṣí fáìlì tí mo fi ránṣẹ́, ó fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan ẹsẹ̀ géètì, ó wá gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àlàájà, kò sí oòrùn mọ́ nínú èyí tí mo ṣe." Inú mi rọ̀. Ó tẹ ègé kékeré kan, ó gbé e síta kí n wò ó, ó dín pupa kù, ó tún tẹ òmíràn. Iná lọ, ó tan jẹnẹrétọ̀, kò ráhùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, búlúù ti padà, ó mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Wọn ò gba kọ́bọ̀, àmọ́ ọ̀gá ò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i pé ó dàárọ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo máa gbé àwòrán mìíràn lọ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ Ajé.