Síkánà Tó Wọ Inú Jíà: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Jíà Ọkọ̀ Mi Ń Lọ́ra

Nígbà tí jíà ọkọ̀ ọlọ́tọ̀máńtìkì mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, tí ẹ́ńjìnnì á ké títí kí ó tó fi jíà kejì sílẹ̀ bọ́ sí ìkẹta, tí kò sì wọ jíà tó kẹ́yìn mọ́ rárá, síkánà kékeré tí à ń fi Bluetooth so mọ́ fóònù, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni mo kọ́kọ́ kì bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kóòdù kan ṣoṣo ni ó gbé jáde: P0700. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ti rí àrùn náà, ṣùgbọ́n P0700 dà bí ọmọ tí wọ́n rán síni pé wọ́n ń peni nílé, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ peni. Bíréènì jíà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ló ń sọ fún ti ẹ́ńjìnnì pé kí ó bá òun tan iná ìkìlọ̀. Kóòdù tó sọ ohun tó bàjẹ́ gan-an wà lọ́dọ̀ ti jíà, síkánà kékeré mi kò sì lè débẹ̀. Òfin tó sọ ihò yẹn di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 kò wá ju kí a rí ohun tó kan èéfín ọkọ̀ lọ, ìwọ̀nba ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ síkánà olówó pọ́ọ́kú sì mọ.

Mẹkáníìkì tí mo fi ọkọ̀ hàn wà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ pààrọ̀ jíà lódindi. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Mo lọ ra síkánà ńlá olójú gíláàsì, èyí tí à ń gbá mú lọ́wọ́, tó lè wọ bíréènì jíà, ti bíréèkì àti àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí.

Kí n tó so ó mọ́ ọkọ̀, mo fa géèjì ọ́ìlì jíà yọ, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí P, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ mi ṣe là á kalẹ̀. (Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ní kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, òmíràn kò tilẹ̀ ní géèjì.) Ọ́ìlì náà pé, ó pupa, kò sì rùn bí ohun tó jóná. Ojú àti imú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe síkánà, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tó dín tàbí tó ti jóná wà lára ohun tó sábà máa ń mú jíà lọ́ra.

Síkánà ńlá náà gbé P0713 jáde, èyí tó tọ́ka sí wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná ọ́ìlì jíà. Mo wá ṣí ojú-ewé tó ń fi ohun tó ń lọ lọ́wọ́ hàn. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná dé 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ọ́ìlì jíà ń ka -40, kò lọ sókè, kò bọ̀ sílẹ̀. Mo rò pé òṣùwọ̀n ni mo ṣì yàn, ni mo bá yí i sí Fahrenheit. -40 náà ló tún kọ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni òṣùwọ̀n méjèèjì ti pàdé. Ọ̀sán gangan ni o, òógùn sì ń bọ́ lójú mi. Iye yẹn ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sábà máa ń kà nígbà tí wáyà irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ bá já. Kọ̀ǹpútà jíà gba irọ́ náà gbọ́, ó rò pé ọ́ìlì ti di yìnyín, ó sì ń dá jíà dúró pẹ́ nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kí ó máa ṣe nígbà òtútù.

Ohun tó fi dá mi lójú pé jíà fúnra rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ ni àtẹ oníwọ̀n tí síkánà náà ń yà. Mo to jíà tí kọ̀ǹpútà pàṣẹ rẹ̀ àti eré tí ọ̀pá tó ń wọ inú jíà ń sá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì ní kí ẹnìkan bá mi wakọ̀. Àṣẹ jíà kẹta ló ń pẹ́ kó tó jáde. Bí ó bá ti jáde báyìí, eré ọ̀pá náà á wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, jíà á sì wọlé. Ká ní àṣẹ ti jáde ni, tí eré ọ̀pá náà ṣì ń dúró tàbí tó ń fò sókè kó tó wálẹ̀, inú jíà lọ́hùn-ún ni à bá ti máa wá ọ̀rọ̀ náà: àwọn pílétì kílọ́ọ̀ṣì (irin pẹlẹbẹ tó ń di jíà mú) tó ti jẹ, sólénọ́ìdì (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì) tó ń há, tàbí ọ́ìlì tí kò ní agbára tó.

Síkánà náà kò lè sọ bóyá sẹ́ńsọ̀ ló kú tàbí wáyà ló já. Mítà tí à ń fi wọn iná ni mo fi rí i pé wáyà ti já nínú rọ́bà rẹ̀, nítòsí ibi tó ti wọ ara jíà, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Nígbà tí mo so ó padà, ọ́ìlì ka 34, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kò ju méjì lọ. Bí a bá yan ju ohun mẹ́rin lọ sójú àtẹ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á máa falẹ̀ débi pé kò wúlò fún ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì ló bí mi nínú: bọ́tìnnì tó ń pa kóòdù rẹ́ àti èyí tó ń pa gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà jíà ti kọ́ nípa bí ó ṣe ń yí jíà rẹ́ fara kan ara wọn, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Mo ṣì í tẹ̀, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni jíà fi ń ta mí jìgìjìgì kí ó tó tún mọ ara rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, bọ́tìnnì yẹn ló sì jẹ ẹyọ kan tó kù.