Ìkìlọ̀ fẹ́ni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀: ẹ wo aago kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dúró gbọ́ tèmi ná. Mo ti jìn sí kòtò yìí, ẹ̀yin ẹ yà á.

Corolla 2007 ni, ó gba Cotonou wọlé. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ wò ó n'Ìbàdàn, níbi kan tí wọ́n ń to mọ́tò sí lẹ́bàá títì. Mi ò ní dárúkọ oníbẹ̀. Mo pè é láti oríta pé mo ti ń bọ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fọ mọ́tò, ó ń dán gbinrin. "Ọ̀gá mi, mọ́tò yìí ò mọ̀nà ilé mẹkáníìkì o." Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, tòun ti iná ẹ́ńjìnnì, ó sì kú nígbà tí mo sítáàtì rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Tí iná yẹn ò bá tàn rárá nígbà tẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí wọ́n ti lẹ nǹkan bò ó lójú. Tèmi tàn, ọkàn mi balẹ̀. Sáílẹ́ńsà ń pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n oníbẹ̀ ní ohùn ọkùnrin ni mọ́tò náà ní.

Ohun tí mo rí tí mi ò kà sí ni aago. Aago mọ́tò ń sọ pé 1:07, bẹ́ẹ̀ aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá. Mo tilẹ̀ fi ṣàwàdà pé aago wọn sáré ju mọ́tò lọ, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Aago Corolla yẹn, tí wọ́n bá tú orí bẹ́tìrì tí wọ́n sì dá a padà, 1:00 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú méje ṣáájú ni wọ́n dá orí bẹ́tìrì náà padà, lẹ́yìn tí mo pè láti oríta.

Tí wọ́n bá tú orí bẹ́tìrì bẹ́ẹ̀, kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àléébù tí ọpọlọ mọ́tò (brain box) ti kọ sílẹ̀, á pa rẹ́, iná ẹ́ńjìnnì á kú, àìsàn á sì wà níbẹ̀. Bí ẹni fún aláìsàn ní Panadol kó tó lọ kí àna ni. Iná náà kì í sì í tètè padà, torí ọ̀pọ̀ àléébù ni ọpọlọ mọ́tò máa ń fẹ́ rí nínú ìrìn méjì kó tó tan iná. Ọjọ́ kẹta ni tèmi tàn, lójú ọ̀nà Èkó. Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà. Ó ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ abẹ́ sítíárì, ó wá yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Brain box ti lọ, ọ̀gá. ₦250,000, bẹ́líjíọ̀mù nìyẹn o." Mo ní kó jẹ́ n rí kóòdù. Ó ní ó ti kúrò lójú ẹ̀rọ. Kóòdù wo ló ń sá fún ẹni tó ni mọ́tò?

Ọmọ aládùúgbò mi kan ló yọ mí. Ó mú ELM327 wá, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù sórí fóònù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi." Ó ki ẹ̀rọ náà bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárì, fóònù rẹ̀ gbé kóòdù jáde: P0420. Kátálíìsì tó ń fọ èéfín ni kóòdù yẹn ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kò kan brain box. Síbẹ̀ kì í ṣe pé kéèyàn sáré lọ ra kátálíìsì. Sáílẹ́ńsà tó ń jò tàbí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, èyí tó ń yẹ èéfín wò lẹ́yìn kátálíìsì, tó ti kú lè gbé kóòdù kan náà jáde. A gbé mọ́tò sórí jáàkì, a fi òkúta dí táyà, a yọjú sábẹ́. Kátálíìsì ò sí níbẹ̀ rárá! Páìpù lásán ni wẹ́dà jó dí àyè rẹ̀, ojú iná náà ò tíì dípẹtà. Platinum, palladium àti rhodium, àwọn irin olówó gọbọi, wà nínú kátálíìsì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á fi ń kiri ilé mẹkáníìkì. Tẹ́ ẹ bá fi mọ́tò yín sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́jú, ẹ yọjú sábẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ ra mọ́tò, ẹ mú ẹ̀rọ kékeré yẹn dání. Láti orí mọ́tò ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ihò yẹn di dandan, Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún àwọn tó ń lo bẹntiróòlù. Ẹni tó ń lo iPhone, ẹ ra èyí tó ń lo Wi-Fi. Ẹ má wo kóòdù nìkan, torí wọ́n ti pa á rẹ́. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Readiness sí. Àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fún ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù, ọ̀pọ̀ nínú wọn á máa sọ "Not ready" tàbí "Incomplete", ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan lójú títì kí wọ́n tó parí. Ẹyọ kan lásán tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tó ìjà. Tí ẹni tó ń tà á bá ní bẹ́tìrì ló kú tí òun fi tú u, ó lè jẹ́ òótọ́, ẹ ní kó wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó padà wá.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú. Rìwáyà mi nígbà tí àṣírí tú, ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní òun á fi nọ́ọ̀tì gígùn kan fa sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn, iná á kú. Òótọ́ ni, ó lè kú, Readiness gan-an sì lè parí láìṣe wàhálà. Mo kọ̀, torí ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tà á, èmi náà á di irú ọkùnrin tó tà á fún mi.

Kì í ṣe gbogbo iná ló ń pa owó. P0455, kóòdù pé èéfín epo ń jò, ni Camry àǹtí mi gbé jáde, rọ́bà ìdérí táǹkì epo ló ti sán. Wọ́n pààrọ̀ ìdérí, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ iná kú fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ P0301, ìyẹn pé sílíńdà àkọ́kọ́ ò jó epo dáadáa, ẹ fi sípánà 10 tú kọ́ìlì àkọ́kọ́ tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, kí òun àti ìkejì pààrọ̀ àyè, kẹ́ ẹ pa kóòdù náà rẹ́, kẹ́ ẹ wà á. Tí kóòdù bá di P0302, ìyẹn sílíńdà kejì, kọ́ìlì yẹn ló ti kú. Tí kò bá kúrò ní P0301, ẹ yẹ plọ́ọ̀gì wò. Ṣùgbọ́n tí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ rọra dúró, ẹ má fi sáré délé.

Mo padà lọ bá ọkùnrin tó ta mọ́tò fún mi. "Bó ṣe ti Cotonou dé nìyẹn, ọ̀gá mi." Àgbà méjì bá wa dá sí i kó tó fún mi ní ₦80,000. Sátidé tó kọjá mo tún gba ibẹ̀. Corolla dúdú kan ló wà láyè tèmi, wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ de oníbàárà. Nọ́ọ̀tì orí bẹ́tìrì rẹ̀ ń dán níbi tí sípánà ti họ ọ́.